Bí mo ṣe bọ́ símẹ́ǹtì kúrò lára ògiri Màmá (ilé alámọ̀, Àjàṣẹ́-Ìpo, January sí April 2025)

Kí n tó bẹ̀rẹ̀, iṣẹ́ wáyà iná ni mò ń ṣe ní Tanke, Ìlọrin níbí o, n kì í ṣe bíríkìlà, n kì í ṣe káfíńtà, torí náà ibi tí ẹ bá ti rí i pé mo ṣe nǹkan gọ̀, ẹ má bínú, èmi náà mọ̀, mo kọ ọ́ síbẹ̀.

Ilé yìí, bàbá bàbá mi ló kọ́ ọ. Amọ̀ ni látòkè délẹ̀, yàrá mẹ́rin, ọ̀dẹ̀dẹ̀ láàárín, páànù lórí. Nígbà tí owó dé ọwọ́ bàbá mi ni wọ́n fi símẹ́ǹtì rẹ́ gbogbo ìta ẹ̀ kí ó lè jọ ilé búlọ́ọ̀kù. Màmá nìkan ló ń gbébẹ̀ báyìí. Ògiri tó ń yọ wá lẹ́nu ni ògiri ẹ̀yìn yàrá Màmá, gígùn ẹ̀ 4.2 mítà, gíga ẹ̀ 2.7, ó nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 38. Símẹ́ǹtì ibẹ̀ wú síta bí ikùn aboyún, tí ẹ bá fi ìka kàn án á dún gbò gbò, ìsàlẹ̀ ẹ̀ sì ń tutù láti òjò dé ẹ̀ẹ̀rùn. Bíríkìlà kan ní ká wó ògiri yẹn ká fi búlọ́ọ̀kù mọ ọ́n, ₦480,000. Mo ní ẹ ṣeun, a óò pè yín.

1. Iṣẹ́ 2023 tó dára lójú

Ẹ jẹ́ n jẹ́wọ́ èyí kíákíá. Ní 2023, símẹ́ǹtì ṣì wà ní ₦4,500, mo ra báàgì mẹ́ta, yanrìn ₦6,000, bíríkìlà pẹ̀lú lébìrà gba ₦14,000 fún ọjọ́ méjì, gbogbo ẹ̀ ₦33,500. A ha èyí tó wú kúrò, a da omi sí i, a fi símẹ́ǹtì tuntun lù ú, mo fi ọ̀dà tó ṣẹ́kù níbi iṣẹ́ kan kùn ún. Ó dán! Mo yà á ní fọ́tò, mo gbé e sórí status, àwọn èèyàn ń sọ pé ẹ kú iṣẹ́.

Òjò ọdún yẹn ò tíì tán tó fi bẹ̀rẹ̀ sí dún gbò gbò padà. Ní December, nínú ọyẹ́, òru ọjọ́ kan, èyí tó tóbi tó ilẹ̀kùn já lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, Màmá rò pé olè ló fo fẹ́ǹsì. Aago méjì òru ni wọ́n pè mí: "Ìwọ ọmọ yìí, ògiri ẹ ti bọ́ṣọ o."

Nígbà tí mo débẹ̀, amọ̀ tó wà lábẹ́ símẹ́ǹtì rọ̀ bí ẹ̀kọ tútù, ikán sì ti la ọ̀nà gba inú ẹ̀ dé ojú fèrèsé. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ò le: amọ̀ á mu omi, á wú, á gbẹ, á sún kì, símẹ́ǹtì ò wú, ò sún kì tó bẹ́ẹ̀, kò sì jẹ́ kí omi tó ti wọlé rí ọ̀nà jáde. Bí àwọn méjèèjì ṣe ń yà síra nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìbéèrè tó yẹ kí n ti bi ara mi kí n tó ra símẹ́ǹtì kankan ni pé ibo lomi ọ̀hún ti ń wá.

2. Ibo lomi ti ń wá?

Mo kọ́kọ́ di ẹ̀bi ru òrùlé. Mo gun òkè, mo fi ọ̀dà dúdú dí gbogbo ojú ìṣó, ọjọ́ kan gbáko, mo fi orókún tẹ páànù méjì wọlé. Ògiri ṣì tutù.

Ní September 2024 mo gba ọjọ́ mẹ́ta lọ́wọ́ iṣẹ́, mo gbé àga sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìnkùlé, mo ń retí òjò. Màmá ní orí mi ti dà rú. Òjò ńlá rọ̀ lọ́jọ́ kejì, mo sì rí i pẹ̀lú ojú ara mi. Ohun mẹ́ta ni.

Etí òrùlé kúrú ju, sẹ̀ǹtímítà 22 péré ló yọ sí ìta ògiri. Gbogbo omi páànù ń bọ́ sí ẹsẹ̀ ògiri, ó sì ń ta padà sára ẹ̀. Mo mú èédú, mo fi sàmì sí ibi tí ìtapadà yẹn ga dé: sẹ̀ǹtímítà 43.

Èkejì, omi balùwẹ̀ ò lọ síbi tí a rò pé ó ń lọ. Páìpù ti fọ́ nínú ilẹ̀, abẹ́ ògiri ló ń wọ́ gbà.

Ẹ̀kẹta ló yà mí lẹ́nu. Mo yá rọ́bà omi lọ́wọ́ bíríkìlà, ìyẹn rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó mọ́ gaara tí wọ́n ń bu omi sí láti fi wo bí ilẹ̀ ṣe tẹ́jú sí. Mo gba ti ojú fèrèsé, ìdí kan nínú yàrá, ìdí kejì níta. Ilẹ̀ ìta ga ju ilẹ̀ inú yàrá lọ ní sẹ̀ǹtímítà 17! Mo rò pé mo ṣì í wò, mo wò ó lẹ́ẹ̀mẹta. Mo sọ fún Màmá, wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ní nígbà tí wọ́n gbé wọn níyàwó wọ ilé yẹn, àtẹ̀gùn méjì ni wọ́n máa ń gùn láti ẹ̀yìnkùlé kí wọ́n tó wọlé. Mo ní àtẹ̀gùn wo? Èmi tí wọ́n bí síbẹ̀ ò rí àtẹ̀gùn kankan rí. Eérú, ilẹ̀ gbígbá, èèpo iṣu, pàǹtírí gbogbo ọdún wọ̀nyẹn ni wọ́n ń dà sẹ́yìnkùlé, ilẹ̀ ń ga díẹ̀ díẹ̀, títí tó fi bo àtẹ̀gùn mọ́lẹ̀. Gbogbo àkókò tí a fi ń bá ògiri jà, inú kòtò ló dúró sí.

3. Etí òrùlé (January, ọjọ́ méjì tó yẹ kó jẹ́ ọjọ́ kan)

Mo ra pákó 2×3 mẹ́jọ ní ₦1,500 lẹ́yọ, páànù àlòkù oníẹsẹ̀-bàtà mẹ́fà, márùn-ún, ní ₦3,500 lẹ́yọ, ìṣó páànù kílò méjì tòun ti rọ́bà ẹ̀, ₦5,000. Páànù kọ̀ọ̀kan ni mo gé sí mẹ́ta, ó ń fún mi ní nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 60 lẹ́yọ kan. Ẹ̀yìn ilé náà tó mítà 9, ẹyọ 15 ló kárí ẹ̀.

A kan pákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ igi òrùlé àtijọ́, ó wọlé tó ẹsẹ̀ bàtà méjì kó tó yọ síta. A kọ́kọ́ fi kọ̀ndẹ́mù óìlì kun gbogbo pákó nítorí ikán.

Àṣìṣe: ọjọ́ àkọ́kọ́, bọ̀dá káfíńtà ò tètè dé, ara mi ò gbà á, mo bẹ̀rẹ̀ láìdúró dè wọ́n. Mo gbé páànù tuntun LÉ orí ti àtijọ́. Mo ti kan mẹ́ta tán, inú mi ń dùn, nígbà tí wọ́n dé, wọ́n kàn dúró ń wò mí nísàlẹ̀. Wọ́n ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bu omi kan kẹ́ ẹ dà á látòkè." Mo dà á. Gbogbo omi gba ojú ìpàdé wọ inú àjà. Abẹ́ ti àtijọ́ ni tuntun yẹ kó wọ̀, kí ti òkè máa da omi sórí ti ìsàlẹ̀. Èèyàn tó ti jẹun gbọ́dọ̀ mọ èyí, ṣùgbọ́n mi ò mọ̀ ọ́n.

Ohun kejì tí wọ́n bá mi wí lé lórí: mo ń kan ìṣó sínú kòtò páànù, ibi tí omi ń gbà kọjá. Orí gíga ẹ̀ ni ìṣó ń jókòó sí. Bí páànù kan ṣe bàjẹ́ nìyẹn, mo lọ ra ẹ̀kẹfà. Nígbà tí a ṣe é dáadáa, tí a jẹ́ kí ó wọ abẹ́ ti àtijọ́ ní sẹ̀ǹtímítà 15, etí òrùlé kúrò ní 22, ó di 67.

4. Wíwá àtẹ̀gùn

Lébìrà kan, ọjọ́ mẹ́rin, ₦6,000 lójúmọ́. A gbẹ́ ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wálẹ̀, a mú un jìnnà sí ògiri tó mítà kan àbọ̀. Lọ́jọ́ kejì ni ọkọ́ kan òkúta. A fọwọ́ gbá a, yangí ni, wọ́n gbẹ́ ẹ dáadáa, àtẹ̀gùn méjì bí Màmá ṣe wí! Mo lọ pè wọ́n, wọ́n wá, wọn ò sọ̀rọ̀, wọ́n kàn jókòó sórí èyí tó wà lókè fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Lébìrà gan-an dákẹ́. A tún rí ìdérí ìkòkò, bátìrì tọ́ọ̀ṣì tí ò lóǹkà, àti àgbá kékeré tí mo mọ̀ dájú pé èmi ni mo sọ ọ́ nù tí wọ́n fi nà mí.

Mo ní kí lébìrà má súnmọ́ ẹsẹ̀ ògiri ju ẹsẹ̀ bàtà kan lọ, èyí tó kù èmi fúnra mi ni mo fọwọ́ rọra ha.

Lẹ́yìn náà la gbẹ́ gọ́tà sí mítà kan sí ògiri, fífẹ̀ sẹ̀ǹtímítà 30. Mo lo rọ́bà omi yẹn padà, ó ń lọ sílẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2 fún mítà kọ̀ọ̀kan, ìyẹn 18 lórí mítà 9, ó já síbi ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀. A da yangí wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ ẹ̀. Omi balùwẹ̀, a pààrọ̀ páìpù ẹ̀ (àjẹkù páìpù iṣẹ́ mi ni, n ò kà á mọ́ owó), a mú un lọ sí kòtò olókùúta tó jìnnà sí ilé ní mítà márùn-ún.

A fi ògiri sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì kó gbẹ. Mi ò ṣe nǹkan kan sí i. Ó ṣòro fún mi ju gbogbo iṣẹ́ tó kù lọ.

5. Ẹsẹ̀ ògiri, ibi tí mo fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ilé

Símẹ́ǹtì tó kù, mo fi ṣísẹ́ẹ̀lì àti òòlù kékeré yọ ọ́. Èyí tó wú, ọwọ́ lásán ló ń yọ ọ́. Èyí tó ṣì di ara mú lókè lábẹ́ òrùlé, níbi tó gbẹ, ó fẹ́ ya amọ̀ bọ̀, mo fi í sílẹ̀ níbẹ̀ jàre, bíi sẹ̀ǹtímítà 40 lókè pátápátá. Ẹ má fagbára yọ èyí tó bá gbẹ tó sì di mọ́ra.

Ní ìsàlẹ̀, amọ̀ ti jẹ wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 11, ó ga tó 45. Èyí tó ti rọ̀ gbọ́dọ̀ jáde kí a tó fi bíríkì amọ̀ tuntun dí i. Mo bẹ̀rẹ̀ láti igun, mo ń yọ ọ́ lọ, ó ń dùn mọ́ mi, mo yọ tó mítà méjì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo gbọ́ "kẹ́". Mo wòkè, ilà kan ti là láti igun fèrèsé wálẹ̀, ọmọ ìka mi wọ inú ẹ̀. Ẹsẹ̀ mi ò gbé mi mọ́. Mo sáré kó Màmá jáde nínú yàrá, a gbé igi mẹ́ta, a fi gbé igi òrùlé ró níta, mo sì kó bíríkì sábẹ́ ẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ yẹn pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lẹ́nu.

Bó ṣe yẹ kí n ṣe é: ẹsẹ̀ bàtà méjì péré lẹ́ẹ̀kan, ẹ dí i, ẹ fò tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin síwájú, ẹ yọ ẹsẹ̀ bàtà méjì mìíràn, ẹ jẹ́ kí ti àkọ́kọ́ gbẹ fún ọjọ́ mẹ́ta mẹ́rin kí ẹ tó padà sí àárín. Ó gùn, àmọ́ ilé á dúró. Bíríkì yẹn, amọ̀ tó jábọ́ lára ògiri náà ni mo rẹ sómi tí mo fi pọn ọ́n, mo ti sá wọn sóòrùn láti January. Ẹrẹ̀ ni mo fi mọ wọ́n pọ̀, kò sí símẹ́ǹtì níbẹ̀.

Ilà yẹn ò tíì tún là sí i látìgbà náà. Mo fi pẹ́ńsùlù kọ déètì sí ìdí méjèèjì ẹ̀ kí n lè máa ṣọ́ ọ.

6. Ẹrẹ̀

Alàájì tó ń gbé nítòsí wa ní ilẹ̀ ọ̀gán ló le jù, pé òun ni wọ́n fi ń rẹ́lé láyé àtijọ́. Ikán ló jẹ ilé, ilé ikán ni mo wá lọ wó láti fi rẹ́ ẹ. A rù ú láti oko wa pẹ̀lú kẹ̀kẹ́ Márúwá, ìrìn mẹ́ta, ₦2,500 lẹ́ẹ̀kan.

Mo fi díẹ̀ sínú ìgò pẹ̀lú omi àti iyọ̀ díẹ̀, mo mì í, mo gbé e kalẹ̀ di ọjọ́ kejì. Yanrìn tó wà nísàlẹ̀ ìgò ò tó nǹkan, amọ̀ ló pọ̀ nínú ẹ̀ bí ògì. Ó yẹ kí ìyẹn ti sọ nǹkan fún mi. Mo dánwò sára ògiri, ẹsẹ̀ bàtà kan sí ẹsẹ̀ bàtà kan:

Ọ̀gán nìkan: ó gbẹ tán ló sán, káàdì ATM mi wọ ojú ẹ̀.
Ọ̀gán kan, yanrìn kan: ó sán wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí okùn aláǹtakùn.
Ọ̀gán kan, yanrìn méjì, koríko gígé tó tó ìka, ìgbẹ́ màálù díẹ̀: kò sán rárá.
Ọ̀gán kan, yanrìn mẹ́ta: kò sán, ṣùgbọ́n tí mo bá fọwọ́ pa á ó ń yọ̀ bí gaàrí.

Ẹ̀kẹta ni mo mú. Ìgbẹ́ màálù, ìyá oníwàrà tó ń ti gáà àwọn Fúlàní wá ló bá mi kó o wá nínú àpò, wọn ò gba kọ́bọ̀, wọ́n kàn ń bi Màmá léèrè pé kí ló ń ṣe ọmọ wọn. A po gbogbo ẹ̀, a fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, a bò ó fún ọjọ́ márùn-ún. Ó ń rùn o, n ò ní purọ́. Tó bá gbẹ tán òórùn yẹn á lọ.

7. Rírẹ́

Mo rò pé bárò mẹ́fà á tó. Mọ́kànlá ló gbà, torí ògiri ilé àtijọ́ ò tọ́, ibì kan wọlé, ibì kan yọ síta.

Ìgbà àkọ́kọ́, agogo mọ́kànlá àárọ̀ ni mo bẹ̀rẹ̀, February, ọyẹ́ ṣì ń fẹ́, oòrùn ń ta sí i tààrà. Kí n tó rẹ́ ìdajì, ìbẹ̀rẹ̀ ti ń sán. Ká ní símẹ́ǹtì ni, owó ti wọgbó nìyẹn. Ẹrẹ̀ ni, mo kàn ha gbogbo ẹ̀ sílẹ̀, mo tún un rẹ sómi, mo tún un pò, mo padà wá ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́.

Báyìí la ṣe é lẹ́ẹ̀kejì: ẹ fi omi wọ́n ògiri títí tí kò fi ní tètè mu ún mọ́. Ẹ ju ẹrẹ̀ mọ́ ọn pẹ̀lú agbára, ẹ má rọra fi pa á. Ìpele àkọ́kọ́ nípọn tó sẹ̀ǹtímítà 1.5, mo fi ìyarí àtijọ́ Màmá fa ilà sí i lára kí èkejì lè rí ibi dì mú. Mo fi àpò ìrẹsì tó tutù kọ́ iwájú ẹ̀ fún ọjọ́ méjì kí atẹ́gùn ọyẹ́ má bàa gbẹ ẹ́ lójijì. Lọ́jọ́ karùn-ún, ìpele kejì, ẹrẹ̀ tí a sẹ́ dáadáa, kò ju ìdajì sẹ̀ǹtímítà lọ, mo fi pákó pẹlẹbẹ dán an.

Àwọn tó ń kọjá ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ n'Ílọrin wá ń fi ẹrẹ̀ rẹ́lé fún ìyá ẹ̀. Mo ní ẹ ṣeun.

8. Omi irúgbá

Èyí, ti Màmá ni, èmi ò mọ̀ ọ́n rárá. Wọ́n ní ìyá ọkọ wọn máa ń rẹ èèpo irúgbá sómi, wọ́n á fi kun ògiri àti ilẹ̀ kí omi má tètè bà á jẹ́. Ní March, àwọn onírú ní èèpo yẹn nílẹ̀ rẹpẹtẹ, wọ́n ní kí n kó o lọ. Àpò kan, mo gún un díẹ̀, mo rẹ ẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta, mo sè é títí tí omi ẹ̀ fi pupa tó ń lẹ̀ mọ́wọ́. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì kun ún lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń jẹ́ kí ọ̀kan gbẹ kí n tó kun òmíràn. Ògiri yẹn pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó lẹ́wà ju ọ̀dà 2023 lọ.

9. Owó

Pákó ₦12,000. Páànù mẹ́fà ₦21,000. Ìṣó ₦5,000. Bọ̀dá káfíńtà ₦10,000, wọn ò gba ti ọjọ́ kejì, wọ́n ní àwọn fi ṣe àánú fún mi. Lébìrà ₦24,000. Kẹ̀kẹ́ ₦7,500. Yanrìn ₦10,000. Yangí wẹ́wẹ́ ₦8,000. Kọ̀ndẹ́mù óìlì ₦4,000. Oúnjẹ àti omi àwọn òṣìṣẹ́ ₦11,500. Gbogbo ẹ̀ jẹ́ ₦113,000. Mi ò ka owó ọkọ̀ láti Ìlọrin gba Gánmọ̀, Ìdófíàn dé Àjàṣẹ́, torí tí mo bá kà á inú á bí mi.

10. Òjò

Òjò ńlá àkọ́kọ́ rọ̀ ní April, mo wà níbẹ̀. Mo lọ wo àmì èédú mi: ìtapadà omi ò dé ara ògiri mọ́, inú gọ́tà ló ń bọ́ sí, ó ń sáré lọ sídìí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ibì kan ló kù, lápá igun ọ̀tún níbi tí páànù méjì ti pàdé, omi ń kán níbẹ̀, ó ti fa ilà tó tó ìka kan sára ẹrẹ̀. Mo fi ẹrẹ̀ ìkúnwọ́ kan dí ilà náà lọ́jọ́ kejì, káfíńtà á wá wo páànù yẹn. Nínú yàrá, mo fi àtẹ́lẹwọ́ pa ìsàlẹ̀ ògiri láti igun dé igun, ó gbẹ táútáú. Màmá ti gbé bẹ́ẹ̀dì wọn padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀.

Wọ́n wá ní ògiri iwájú náà ti ń dún gbò gbò. Ó di January. Kẹ́ẹ̀gì omi irúgbá tó ṣẹ́kù ṣì wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, ó ti ń kan, wọ́n ti pè mí lẹ́ẹ̀mejì pé kí n wá gbé e.